Ọwọ́ Mi Nínú Ẹ́ńjìnì Láńṣì

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé àwọn tí baba ńlá wọn fi Èkó sílẹ̀ nígbà ogun wá tẹ̀dó sétí ọ̀sà. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ ìyá mi, iṣẹ́ náà ni èmi náà sì kọ́. Ọkọ ló gbé mi dé Ìkòròdú. Ọkọ mi ń tọ́jú ẹ́ńjìnì nínú láńṣì kan tó ń kó èrò àti ẹrù láàárín ìlú méjèèjì. Lọ́jọ́ ọjà, láńṣì wọn máa ń gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Olúwo, ọkọ mi á sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú epo dúdú títí dé ìgúnpá, á wá dúró níwájú àtẹ wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹja mi," ni ìyá mi máa ń sọ fún un. "Ẹ kàn nawọ́ sí èyí tí ẹ bá fẹ́, ọmọ mi á bá yín mú un."

Èmi ni ọmọ náà. Bí a ṣe mọra nìyẹn.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. A ti fẹ́ra, a ti bí ọmọ méjì, a sì ti sin méjèèjì. Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa nínú ilé kan tí kò jìnnà sí èbúté Ìkòròdú. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé mi kiri inú ilé. Èmi máa ń bá láńṣì lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ ra ẹja, n óò sì bá a padà wá tà á nítòsí gáréèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ́ńjìnì yẹn ṣe rí, bí ọkọ mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó ti gbó kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ àwọn agégẹdú kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Omi ọ̀sà ni wọ́n fi ń mú un tutù. Pọ́ǹpù kan wà tó ń fa omi láti abẹ́ ọkọ̀, omi náà á gba inú rọ́bà wọ ara irin, á yí i ká, á sì tún gba inú rọ́bà mìíràn jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá dúró létí omi, ẹ ó rí i bó ṣe ń tú jáde bí ẹni ń tọ̀. Bí omi yẹn bá ti dá, ẹ́ńjìnì ti fẹ́ jóná nìyẹn. Ọkọ mi máa ń wo ibi tí omi yẹn ń gbà jáde ju bó ṣe ń wo ojú mi lọ.

Àwọn rọ́bà náà ni kò dára mọ́. Ẹ̀yìn wọn ti sán bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́, ibòmíràn sì wú bí ikùn ẹja tó ti bàjẹ́. Ó ti fi àjákù rọ́bà kẹ̀kẹ́ wé wọn, ó fi wáyà dì wọ́n, ó tún fi òmíràn wé e lórí. Gbogbo ìgbà tí a bá dé Ẹ̀pẹ́ ló ń sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó ra tuntun. Ọlọ́kọ̀ jẹ́ oníṣòwò pàtàkì ní Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ohunkóhun.

"A ti ránṣẹ́ sí Èkó," ni á wí. "Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ìgbà tí òjò ń parí lọ ni. Ojú oró àti koríko ti ṣàn wá láti inú àwọn odò, ó bo ojú ọ̀sà káàkiri. A ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́, a ti rìn jìnnà, a kò rí ilé kankan níwájú tàbí lẹ́yìn. Mo jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ẹja mi. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn, bí ìgbà tí bàtà rọ́bà bá bọ́ sínú iná. Mo yọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, n kò rí omi tó ń tú jáde.

"Omi ti dá o!" ni mo ké sí ọkọ mi. Ṣùgbọ́n òun náà ti rí i. Ó ti ṣí pákó orí ẹ́ńjìnì, ó sì ń tẹ̀ wọlé láti fa irin tí wọ́n fi ń pa á. Koríko ti dí ibi tí omi ń gbà wọlé, omi tó kù nínú ẹ́ńjìnì sì ti ń hó. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn bá fa aṣọ tuntun ya, rọ́bà kan ti bẹ́. Èéfín funfun bo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe rẹ̀. Mo ti bá ọkùnrin yẹn gbé fún ọdún púpọ̀, a jọ sin ọmọ méjì, n kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Atukọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà ará Ìlàjẹ ni, láti etíkun Oǹdó, onígbàgbọ́ tí kì í tukọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá Atukọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi ẹsẹ̀ ta irin náà, ẹ́ńjìnì kú, ó sì gbá ọkọ mi mú lábẹ́ abíyá, ó wọ́ ọ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọrùn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan ni omi náà ti bó. Mo sáré di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú láti bọ́ ọ.

"Má fà á!" ni Bàbá Atukọ̀ kígbe. "Ìyàwó wa, má fà á!"

Mo ti fà á. Awọ ara rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Bàbá Atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi ọ̀sà dà sí i lápá. Àwọn èrò kan ń ṣe àdúrà. Ẹnì kan ń bú sẹ́kún. Obìnrin kan tó gbé ewúrẹ́ dání ń bi gbogbo ènìyàn léèrè pé, "Àwa ńkọ́? Ṣé ibí la ó sùn ni?" N kò bínú sí i nígbà yẹn, n kò sì bínú sí i títí di òní. Ẹni tí kò sí nínú ìrora, ọ̀rọ̀ ilé ló ń rò.

Ọkọ̀ apẹja kan ló rí wa. Wọ́n gbé èmi àti ọkọ mi lọ sí abúlé wọn, níbi tí ilé dúró lórí òpó nínú omi, Bàbá Atukọ̀ sì dúró ti láńṣì àti àwọn èrò títí tí wọ́n fi rí ẹni fà wọ́n dé Ìkòròdú. Ìyá kan ní abúlé náà fi ìyẹ́ adìẹ kun òróró àgbọn sí i lára, ó fi ọ̀dọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà ní orúkọ Jésù. Ọkọ mi tí kò pa ìrun kan jẹ rí dùbúlẹ̀ láàárín wọn, ó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ìgbòkun gbé wa dé Ìkòròdú. Olùtọ́jú aláìsàn ní ilé oògùn ìjọba fi oògùn aláwọ̀ àlùkò kùn ún, ó wé ọwọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní bándéèjì, ó ní kí a máa mú un wá kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ dé láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ó jókòó sórí àpótí, ó wo ọkọ mi lórí ẹní, ó mi orí.

"Ọlọ́run á fún ọ ní àlàáfíà."

"Àmín, ẹ ṣeun," ni ọkọ mi dáhùn.

Ó ní nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé lábẹ́ abíyá. Ó tú u sórí ẹní, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkọ mi. Rọ́bà ni, dúdú, ó ń rùn bí nǹkan tuntun.

"Rọ́bà rèé. Ó ti dé láti Èkó."

 Ìyá ọkọ mi dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

"Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti máa rìn," ni ọlọ́kọ̀ wí. "Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ l'Ékòó. Yóò wá pààrọ̀ rọ́bà yìí, yóò sì máa tọ́jú ẹ́ńjìnì títí ara rẹ yóò fi yá."

"Ẹ má pè é," ni ọkọ mi wí. "Èmi ni n óò pààrọ̀ rẹ̀."

"Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀?"

"Ẹ sáà fún mi títí di ọjọ́ ọjà."

Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó sì gbà.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọkọ mi. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì yẹn lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò jókòó tì í, iṣẹ́ náà á sì bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bí ọlọ́kọ̀ ṣe jáde tán, ó pè mí. Kì í pe orúkọ mi, ibi tí wọ́n ti bí mi ló fi ń pè mí.

"Ará Ẹ̀pẹ́, na ọwọ́ rẹ kí n rí i."

Mo nà án. Ó wò ó títí.

"Ó kéré," ni ó wí. "Yóò wọ ibi tí tèmi kì í wọ̀."

Nígbà tí ohun tí a fẹ́ ṣe yé ìyá rẹ̀, ó jáde síwájú wa lẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ mi, mo fi okùn dì í ní ìdí. Ìyá wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ náà fẹ́ lọ jóná?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bí èyí náà bá jóná, ta ni yóò fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu?"

"Màmá, ẹ́ńjìnì ti tutù. Ẹ jẹ́ ká kọjá."

Wọ́n ti so láńṣì mọ́ òpó kan létí ẹrẹ̀. Bàbá Atukọ̀ ń dúró dè wá. Ó gbé pákó kan sí etí ihò ẹ́ńjìnì, ọkọ mi jókòó lórí rẹ̀, ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè sórí aṣọ tí mo fi kọ́ ọ lọ́rùn. Eṣinṣin ń tẹ̀ lé òórùn bándéèjì náà. Èmi kúnlẹ̀ nínú ihò, láàárín irin àti igi ọkọ̀. Ibẹ̀ há, ó móoru, epo dísẹ́ẹ̀lì àti omi ìdọ̀tí sì dé orúnkún mi.

"Kọ́kọ́ wá irin tó dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi, nísàlẹ̀ pátápátá," ni ó wí. "Tì í. Bí o kò bá tì í, ọ̀sà ni yóò wọlé bá wa."

Mo fọwọ́ wá a nínú omi dúdú yẹn. Ó ti dípẹtà. Mo fi gbogbo ara yí i, kò yí. Bàbá Atukọ̀ ní láti dojú bolẹ̀ lórí pákó, kí ó na apá sísàlẹ̀, kí ó fi sípánà bá mi yí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn irin róbótó tí wọ́n fi di etí rọ́bà mọ́ páìpù. Ìdè kọ̀ọ̀kan ní sukuru kan tí wọ́n ń fi sukurudíráífà tú. Orí òmíràn ti jẹ tán. Sukurudíráífà ń yọ̀, ó ń gún mi lọ́wọ́.

"Òsì," ni ọkọ mi ń wí. "Yí i sí òsì."

Mo yí i.

"Òsì ni mo wí! Òsì! Ṣé o kò mọ òsì ni?"

Kò pariwo mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Inú ihò yẹn, mo dojú kọ ọ́, òsì rẹ̀ ni ọ̀tún mi. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé ara rẹ̀, ó ti yọ ọwọ́ kúrò nínú aṣọ láti fi hàn mí, bándéèjì náà sì ti lẹ̀ mọ́ egbò. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó dá ọwọ́ náà padà díẹ̀díẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi nù ún. Bàbá Atukọ̀ yíjú sí ọ̀sà. Èmi ni mo dìde, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi tí epo kò kàn nù ún fún un.

"Ẹ máa sọ pé sí ọ̀nà ilé tàbí sí ọ̀nà ọ̀sà," ni mo wí. "Ìyẹn á yé mi."

Ó mi orí. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ilé àti ọ̀nà ọ̀sà la fi ṣiṣẹ́ náà.

Àwọn rọ́bà náà kò gbà kí a fà wọ́n yọ. Wọ́n ti jóná mọ́ páìpù. Ó ní kí n fi ọ̀bẹ là wọ́n ní gígùn, kí n bó wọn bí ẹni ń bó iṣu sísè. Nígbà tí mo la èyí tó gùn jù, inú rẹ̀ ti wú débi pé ìka mi kan ló lè wọ ihò tó kù nínú rẹ̀. Mo gbé e sókè kí ó rí i. Ó wò ó, ó ní, "Mo sọ fún wọn," kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bẹ́ ni mo yọ gbẹ̀yìn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, okùn inú rẹ̀ ta jáde. Àjákù ẹ̀wù ọkọ mi díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ti gbẹ. N kò jẹ́ kí ó rí ìyẹn. Mo yọ ọ́, mo jù ú sínú omi lẹ́yìn mi.

Ó ní kí n ha ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan títí ìpẹtà yóò fi tán lára rẹ̀.

"Fi ìka yí i ká. Ó ń gún ẹ?"

"Ó ń gún mi díẹ̀."

"Tún un ha. Ibi tó bá gún ẹ ni omi yóò gbà jò."

Mo ha á títí èékánná mi fi ya. Mo fi rọ́bà àtijọ́ wọn tuntun, mo gé e. Àwọn méjì wọlé pẹ̀lú ọṣẹ dúdú tí mo fi pa ẹnu wọn. Ẹ̀kẹta ni kò wọlé. Ihò rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ẹnu páìpù. Mo tì í, mo yí i, Bàbá Atukọ̀ náà gbìyànjú, kò wọlé.

Ọkọ mi wo ẹnu páìpù náà. Lẹ́yìn náà ni ó wí, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, pé, "Omi gbígbóná ni yóò mú un rọ̀. Ẹ lọ sè é."

Obìnrin kan ń dín àkàrà létí èbúté. Ó yọ àwo epo rẹ̀ kúrò lórí iná, ó jẹ́ kí n gbé ìkòkò omi ka ibẹ̀. Nígbà tí ó hó, mo fi aṣọ gbé e, mo rìn lórí pákó wá sínú ọkọ̀. Ibì kan ṣoṣo ló wà tí mo lè gbà wọ inú ihò náà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi gan-an ni. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn, tí èéfín ń jáde lẹ́nu ìkòkò, mo rí i tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.  Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká orúnkún rẹ̀ sókè. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, mo ń gbọ́ ọ. Mo dúró.

"Máa kọjá," ni ó wí. "Máa kọjá, Ará Ẹ̀pẹ́, kí omi má tutù."

Mo kọjá. N kò tíì gbé nǹkan tó wúwo tó ìkòkò yẹn rí láyé mi.

Mo ki ẹnu rọ́bà bọ omi náà, mo kà díẹ̀, mo yọ ọ́, mo sì tì í mọ́ páìpù pẹ̀lú gbogbo agbára tí mo ní. Ó wọlé. Mo fi àwọn ìdè dì í.

"Má fún un jù, yóò gé e," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti padà sípò.

A ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀. Bàbá Atukọ̀ fi irin yí ẹ́ńjìnì títí òógùn fi bò ó, ẹ́ńjìnì húkọ́, ó kú, ó tún húkọ́, ó sì gbéra. Gbogbo wa ń wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ń tú jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi pupa jáde, ìpẹtà ni, ó ń pupa bọ̀ títí ó fi mọ́. Ọkọ mi ní kí a ran òun lọ́wọ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀. Kò lè fọwọ́ kan rọ́bà náà, ó wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kò bó sún mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi mọ bí ó ṣe gbóná tó.

"Èyí ń jò," ni ó wí nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ìkẹta, ẹ̀kán omi kan sì wà ní ojú rẹ̀. "Fún un díẹ̀ sí i. Sí ọ̀nà ilé."

Mo fún un. Kò jò mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà, láńṣì gbéra lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọkọ mi jókòó sórí pákó rẹ̀, èmi wà nísàlẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Òun ń tẹ́tí sílẹ̀, ó ń sọ ohun tí n óò ṣe. Èmi ń da epo sí i, mò ń yọ koríko kúrò ní ibi tí omi ń gbà wọlé, mò ń fa irin tí ó bá ní kí n fà. Ẹja tí mò ń rà ń dín kù, nítorí n kò lè wà nínú ihò kí n tún wà lọ́jà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kí n má purọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí ojú ọkọ mi ń dán ni ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń dún dáadáa.

Ṣùgbọ́n àwọn èrò kò fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín sí ṣòkòtò mi. Àwọn ọkùnrin kan á dé etí ọkọ̀, wọ́n á rí i pé obìnrin ló ń jáde nínú ihò, wọ́n á padà sẹ́yìn lọ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tó yá, ọlọ́kọ̀ mú ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Èkó.

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín," ni ó wí fún ọkọ mi, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣe é dáadáa. Àwọn èrò ló ń sá."

Ọkọ mi kò bá a jà. Ó jókòó pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin náà, ó sọ gbogbo ìwà ẹ́ńjìnì náà fún un, èyí tó máa ń ṣe nígbà ọ̀rinrin àti èyí tó máa ń ṣe bí epo bá fẹ́ tán. Ọ̀dọ́kùnrin náà tẹ́tí sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó pè é ní ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni a rìn lọ sílé. 

Ọwọ́ òsì rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ó gan. Ti ọ̀tún ni kò dára. Awọ tuntun hù lórí rẹ̀, ó sì so àwọn ìka náà pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá di nǹkan mú tí kò fẹ́ kí wọ́n gbà. Èmi ni mò ń bá a ṣe àlùwàlá, èmi ni mò ń di ṣòkòtò rẹ̀. Bí mo bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìyá rẹ̀ ni yóò fún un lónjẹ. Kì í jẹun bí àlejò bá wà níbẹ̀. Ó dá mọ́sálásí dúró nítorí kò lè tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ bí àwọn yòókù. Bàbá Atukọ̀ nìkan ló ń wá jókòó tì í, lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kàn jókòó, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ti Ẹ̀pẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a tó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ wà lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gba inú rẹ̀ jáde.

"Kí ló ṣe yín?"

"Mo ní kí oníkọlà bá mi la àwọn ìka náà," ni ó wí. "Ó ti là wọ́n. Wọ́n ti dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jinná, yóò di sípánà mú."

Mo wo ìyá rẹ̀. Ìyá kò gbójú sókè. Òun kò mọ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi ti ọ̀dọ̀ oníkọlà dé.

Mo sọ pé ká lọ sí ilé oògùn, ó ní rárá, wọ́n á bá òun jà. Kò pẹ́ tí ó fi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ń dun òun. Mo rò pé eyín ni. Nígbà tí mo fẹ́ fún un ní ẹ̀kọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ kò là. Ọrùn rẹ̀ gan, ẹ̀yìn rẹ̀ ká sókè bí ọrun. Bí ìlẹ̀kùn bá dún, gbogbo ara rẹ̀ á fà. A gbé e dé ilé oògùn, wọ́n ní egbò ìka rẹ̀ ló fà á, ká gbé e lọ sí Èkó kíákíá. A ń wá ọkọ̀ ní gáréèjì, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi lórí ẹní nílẹ̀, láàárín àwọn tó ń pe èrò àti àwọn tó ń ta ẹ̀pà. Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Awakọ̀ tó gbà láti gbé wa ti ń yí mọ́tò rẹ̀ bọ̀.

A sin ín lọ́jọ́ kan náà. Bàbá Atukọ̀ wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn àwọn tó ń kírun, ó ṣí fìlà rẹ̀.

Nígbà tí mo parí opó, ìyá mi ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ pé kí n máa bọ̀ wálé. Mo di ẹrù mi. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ mi pé mò ń lọ. Òun kò ní ọmọ mìíràn, n kò sì ní ọmọ tí n óò fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo bá a tó jókòó sórí ẹrù tirẹ̀, ó ti dì í, ó wọ bàtà.

"N kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi," ni ó wí. "Mọ́tò ni ká wọ̀."

Mọ́tò la wọ̀, lọ́rí gẹdú tí ó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ, ọ̀nà náà jìnnà, ó kún fún eruku. A jókòó sórí pákó láàárín àpò gààrí. Nígbà tí a ti rìn jìnnà, ó mú ọwọ́ mi, ó yí i padà, ó wo àwọn àpá tí sukurudíráífà dá sí i.  Ó kàn dì í mú bẹ́ẹ̀ lórí itan rẹ̀, a sì ń lọ.